Joseph Fraunhofer: Ọmọ Òrukàn tí ó Di Ọ̀gá Nínú Ìmọ̀ Ìmọ́lẹ̀

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó gbàgbọ́ pé ẹni tí kò ní bàbá, tí kò ní ìyá, tí kò sì ní owó lọ́wọ́, kò lè dé ibi gíga láyé. Àwọn mìíràn sì rò pé ẹni tí kò bá wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kò lè fi ohunkóhun kún ìmọ̀ aráyé. Ìtàn ọkùnrin tí a fẹ́ sọ yìí já irọ́ èrò méjèèjì. Joseph Fraunhofer ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Jámánì sì ni. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ó kọ́. Dígí ni ó ń gé, òun náà ni ó sì ń dán. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ ọwọ́ yìí ni ó ti rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi ara balẹ̀ wò rí nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Ohun tí ó rí yìí ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi mọ ohun tí ó wà nínú oòrùn àti nínú àwọn ìràwọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ènìyàn kan tí ó dé ibẹ̀ rí.

A bí Joseph Fraunhofer ní ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹta, ọdún 1787, ní ìlú Straubing ní ilẹ̀ Bavaria, èyí tí ó jẹ́ apá kan ilẹ̀ Jámánì lónìí. Oníṣẹ́ dígí ni bàbá rẹ̀. Òun ni ó máa ń gé dígí sí ojú fèrèsé fún àwọn ará ìlú. Joseph ni ọmọ kọkànlá tí àwọn òbí rẹ̀ bí. Owó kò pọ̀ nínú ilé náà. Láti kékeré ni Joseph ti ń ran bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ráyè ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọdún 1797 ìyá rẹ̀ kú. Kí ọdún 1798 tó parí, bàbá rẹ̀ náà ti tẹ̀lé e. Ọmọ ọdún mọ́kànlá péré ni Joseph nígbà tí ó di ọmọ òrukàn.

Àwọn alágbàtọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ fẹ́ kí ó kọ́ iṣẹ́ fífi ẹ̀rọ gbẹ́ igi, ṣùgbọ́n ara ọmọ náà kò le tó fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1799 wọ́n mú un lọ sí Munich, olú-ìlú Bavaria, wọ́n sì fi í sọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí ń ṣe dígí ìwojú. Weichselberger ni orúkọ ọ̀gá náà. Nítorí pé kò sí owó tí wọn yóò san fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́, àdéhùn wọn ni pé Joseph yóò sin ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko láìgba kọ́bọ̀. Ọmọ náà kò kọ iṣẹ́. Ohun tí ó dùn ún ni pé ọ̀gá rẹ̀ kò fẹ́ kí ó máa kàwé. Ilé-ẹ̀kọ́ kan wà ní Munich fún àwọn ọmọ-iṣẹ́ ní ọjọ́ ìsinmi, ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ kì í fún un láyè láti lọ. Báyìí ni ọmọ tí ọkàn rẹ̀ fà sí ìwé ṣe ń fi ojoojúmọ́ dán dígí tí àwọn ẹlòmíràn yóò máa wo ojú wọn nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù keje, ọdún 1801, nǹkan ńlá ṣẹlẹ̀. Ilé tí Weichselberger ń gbé, tí ó sì ti ń ṣiṣẹ́, ṣàdédé wó lulẹ̀. Ìyàwó ọ̀gá náà kú sínú rẹ̀. Joseph, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, wà láàyè lábẹ́ àlàpà. Òkìkí ìṣẹ̀lẹ̀ náà kàn, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn sì pé lé ibẹ̀. Maximilian Joseph fúnra rẹ̀, ẹni tí ń ṣe àkóso ilẹ̀ Bavaria nígbà náà, tí ó sì wá jọba ní ọdún 1806, wá sí ibẹ̀, ó sì ń gba àwọn tí ń walẹ̀ níyànjú. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n fa ọmọ náà jáde láàyè. Ẹni tí Ọlọ́run kò pa, ilé wíwó kò lè pa á.

Inú aláṣẹ ilẹ̀ náà dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi fún ọmọ náà ní owó wúrà 18. Ọkùnrin mìíràn tún wà níbẹ̀ tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára Joseph. Joseph von Utzschneider ni orúkọ rẹ̀; ó jẹ́ ẹni ńlá nínú ìṣèlú, ó sì tún jẹ́ onílé-iṣẹ́. Nígbà tí ó gbọ́ pé ọmọ náà fẹ́ láti mọ̀wé, ó fún un ní àwọn ìwé ìṣirò àti ìwé ìmọ̀ ìmọ́lẹ̀.

Ó yẹ kí a wo ohun tí Joseph fi owó wúrà náà ṣe, nítorí pé ibi tí ọ̀dọ́ bá ná owó àkọ́kọ́ rẹ̀ sí ni a ti ń mọ ibi tí ó ń lọ. Kò fi ra aṣọ, kò sì fi ṣe fàájì. Ó fi apá kan ra ẹ̀rọ tí a fi ń gé dígí, ó fi apá kan ra ìwé, ó sì fi èyí tí ó kù ra ara rẹ̀ padà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, kí àdéhùn náà lè tètè parí. Lẹ́yìn èyí ó gbìyànjú láti dá dúró. Ó kọ́ ara rẹ̀ ní iṣẹ́ fífín orúkọ sórí irin tí a fi ń tẹ káàdì, ó sì ń wá oníbàárà. Ṣùgbọ́n àkókò ogun ni. Napoleon ń da Yúróòpù rú, àwọn ènìyàn kò sì ráyè káàdì. Owó tán, Fraunhofer sì padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ Weichselberger. Kò ka èyí sí ìtìjú. Ní ọ̀sán ó ń gé dígí. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ó ń ka ìwé Utzschneider.

Ní ọdún 1806, nígbà tí ó di ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, Utzschneider ránṣẹ́ pè é sí ilé-iṣẹ́ tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ yìí ń ṣe àwọn ohun èlò tí a fi ń wọn ilẹ̀ àti èyí tí a fi ń wo ojú ọ̀run. Ọwọ́ àwọn ará Ìlẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ará Yúróòpù ti máa ń ra ojúlówó dígí fún irú ohun èlò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ogun ti dí ọ̀nà òwò. Bí ilé-iṣẹ́ náà kò bá lè ṣe dígí tirẹ̀, kò sí bí iṣẹ́ ṣe lè lọ déédéé. Utzschneider ti ra ilé àwọn mọ́ńkì kan ní Benediktbeuern, ní ẹsẹ̀ àwọn òkè Alps, lẹ́yìn tí ìjọba ti gba irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìjọ ní ọdún 1803. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé iléru dígí sí. Ọ̀gá kan láti ilẹ̀ Switzerland, Pierre-Louis Guinand, ni ó ń bójú tó iléru náà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Fraunhofer ti kọ́ bí a ti ń yọ́ dígí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ lè bi ara yín léèrè pé kí ni ó le nínú yíyọ́ dígí. Dígí ojú fèrèsé kò le púpọ̀. Bí ó bá ní ìlà díẹ̀ tàbí èéfọ́ díẹ̀ nínú, kò sí ẹni tí yóò fẹjọ́ sùn. Dígí tí a fẹ́ fi wo ìràwọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí apá kan rẹ̀ bá ki ju apá kejì lọ, ìmọ́lẹ̀ yóò yà gba ibi tí kò yẹ, ìràwọ̀ kan yóò sì dà bí eruku tí a fọ́n ká. Guinand ni ó kọ́kọ́ rí ọ̀nà àbáyọ: ó ń fi ọ̀pá tí a fi amọ̀ sun ro dígí gbígbóná nínú ìkòkò, bí ẹni tí ń ro àmàlà kí ó má baà ní kókó. Fraunhofer tẹ̀ síwájú níbi tí ọ̀gá rẹ̀ dúró. Ó ń ṣe àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí ó pò pọ̀, ìwọ̀n rẹ̀, ìgbóná iná rẹ̀, àti bí ó ti pẹ́ tó kí ó tó tutù. Ní ọdún 1809 wọ́n fi í ṣe olórí iṣẹ́ náà, ó sì jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún. Nígbà tí Guinand padà sí ìlú rẹ̀ ní ọdún 1814, Fraunhofer di alábàáṣepọ̀ Utzschneider.

Síbẹ̀ ìṣòro kejì ṣì wà nílẹ̀, òun ni ó sì bí ohun tí a fi ń rántí Fraunhofer títí di òní. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ó dà bí funfun lójú wa kì í ṣe àwọ̀ kan ṣoṣo. Isaac Newton, ará Ìlẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi èyí hàn ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Nígbà tí ó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn gba inú prísíìmù, èyíinì ni dígí onígun mẹ́ta, ó tẹ́ sílẹ̀ bí ọ̀já aláràbarà: pupa ní etí kan, àwọ̀ ẹ̀lúkù ní etí kejì, gbogbo àwọ̀ òṣùmàrè yòókù sì wà láàárín. Ìdí èyí ni pé àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tí ó fi ń yà nígbà tí ó bá wọ inú dígí. Nítorí náà, bí ènìyàn bá fi dígí kan ṣoṣo ṣe awò-awọ̀nàjíjìn, ohun tí ó ń wò yóò ní àwọ̀ léteetí. Kí a tó lè mú àléébù yìí kúrò, a ní láti fi oríṣi dígí méjì pa pọ̀, kí ọ̀kan máa tún ìwà èkejì ṣe. Ẹni tí yóò sì ṣe èyí ní láti mọ ìwọ̀n tí dígí kọ̀ọ̀kan fi ń ya àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, láìsí àṣìṣe.

Níbo ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀n? Nínú ọ̀já àwọ̀ náà, pupa wọ inú ọsàn, ọsàn wọ inú àwọ̀ ìyeyè, kò sì sí ààlà. Ó dà bí ìgbà tí a ní kí ènìyàn wọn oko tí kò ní èèbù. Fraunhofer kọ́kọ́ lo iná àtùpà, nítorí ó ṣàkíyèsí pé nínú ọ̀já àwọ̀ iná náà, ìlà kan wà ní ibi àwọ̀ ìyeyè tí ó mọ́lẹ̀ ju gbogbo yòókù lọ. Ó wá fẹ́ mọ̀ bóyá irú ìlà dídán bẹ́ẹ̀ wà nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Ó sé yàrá rẹ̀ mọ́, ó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn gba ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọlé láti ojú fèrèsé, ó gbé prísíìmù tí ó fi ojúlówó dígí rẹ̀ ṣe sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 24 sí ihò náà, ó sì fi awò wo ìmọ́lẹ̀ tí ó ń ti inú prísíìmù jáde.

Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà kì í gba ibẹ̀. Ìlà dídán ni Fraunhofer ń wá. Ìlà dúdú ni ó rí. Kì í sì í ṣe ọ̀kan tàbí méjì. Wọ́n pọ̀ káàkiri ọ̀já àwọ̀ náà láti etí kan dé èkejì, àwọn kan dúdú kirikiri, àwọn mìíràn rí fẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Ó ka 574 nínú wọn. Ọ̀mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kan, William Wollaston, ti rí díẹ̀ nínú wọn ní ọdún 1802, ṣùgbọ́n ó rò pé ààlà àárín àwọ̀ kan sí èkejì lásán ni wọ́n, ó sì fi wọ́n sílẹ̀. Fraunhofer kò fi wọ́n sílẹ̀. Ó pààrọ̀ prísíìmù, ó pààrọ̀ ihò, ó dá gbogbo iṣẹ́ náà ṣe léraléra kí ó lè mọ̀ dájú pé kì í ṣe ojú òun tàbí ohun èlò òun ni ó ń tan òun jẹ. Gbogbo ìgbà ni àwọn ìlà náà wà ní ipò wọn. Ó ya àwòrán wọn, ó sì fi lẹ́tà A, B, C àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sọ àwọn tí ó hàn jùlọ lórúkọ. Orúkọ wọ̀nyí ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n títí di òní. Ọdún 1814 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1817 kí gbogbo ayé lè kà á.

Oko náà ti wá ní èèbù. Nípa àwọn ìlà yìí, Fraunhofer lè sọ ìwọ̀n tí dígí èyíkéyìí fi ń ya àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, awò rẹ̀ sì dára ju ti gbogbo àwọn tí ń ṣe awò nígbà náà lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kò jẹ́ kí ó sinmi: níbo ni àwọn ìlà dúdú náà ti wá? Bóyá afẹ́fẹ́ ayé wa ni ó ń dá wọn sílẹ̀. Láti mọ òtítọ́, ó gbé awò rẹ̀ sí ojú ọ̀run ní òru. Nínú ìmọ́lẹ̀ òṣùpá àti ti Àgùàlà, ó rí irú ìlà kan náà tí ó rí nínú ti oòrùn. Èyí kò yani lẹ́nu, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni wọ́n ń tàn padà sí wa. Nígbà tí ó wo ìràwọ̀ Sirius, ó rí ìlà mìíràn tí kò jọ ti oòrùn. Afẹ́fẹ́ ayé kan náà ni ìmọ́lẹ̀ oòrùn àti ti Sirius ń gbà kọjá kí wọ́n tó dé ojú wa. Bí ó bá ṣe pé afẹ́fẹ́ yìí ni ó ń dá gbogbo ìlà náà sílẹ̀, ìlà méjèèjì ì bá bára mu. Nítorí náà, púpọ̀ nínú wọn ní láti ti ọ̀dọ̀ oòrùn àti ìràwọ̀ fúnra wọn wá. Ohun mìíràn tún wà tí ó ṣàkíyèsí: ibi tí ìlà dídán iná àtùpà wà gan-an ni ìlà dúdú oòrùn tí ó pè ní D wà. Ó kọ èyí sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ìdí rẹ̀, kò sì méfò.

Ní àkókò yìí àríyànjiyàn ńlá wà láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé. Newton ti kọ́ni pé ìmọ́lẹ̀ jẹ́ àwọn wóró kéékèèké tí ń fò. Thomas Young ní Ìlẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Augustin Fresnel ní ilẹ̀ Faransé sọ pé ìgbì ni, gẹ́gẹ́ bí ìgbì tí a máa ń rí nígbà tí a bá sọ òkúta sínú adágún omi. Bí ìgbì méjì bá pàdé, tí orí ọ̀kan bọ́ sí orí èkejì, wọn yóò ga sí i. Bí orí ọ̀kan bá bọ́ sí kòtò èkejì, wọn yóò pa ara wọn rẹ́. Fraunhofer kò jókòó ti àríyànjiyàn. Ó lọ wọn ìgbì náà. Ní ọdún 1821, ó na àwọn okùn wáyà tín-ín-rín jọ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí òwú ti í tò lórí òfì. Kí àyè àárín wọn lè dọ́gba, ó na wọ́n láàárín ìṣó onírin méjì tí ó ní eyín wínníwínní, ó sì fi wáyà kọ̀ọ̀kan sí àárín eyín kọ̀ọ̀kan. Wáyà 260 ni ó lò nínú ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ gba àárín wáyà wọ̀nyí kọjá, ó pín sí ọ̀já àwọ̀ láìsí prísíìmù, àwọn ìlà dúdú sì hàn nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi òkúta dáyámọ́ńdì fa ìlà sí ara dígí, ìyẹn sì tún dára ju ti wáyà lọ.

Ohun tí ó mú ọ̀nà yìí ṣe pàtàkì ni pé, bí a bá mọ àyè tí ó wà láàárín wáyà méjì, tí a sì wọn ìwọ̀n tí àwọ̀ kan fi yà, a lè ṣírò ìwọ̀n láti orí ìgbì kan dé orí ìgbì tí ó tẹ̀lé e. Fraunhofer ṣírò rẹ̀. Ó rí i pé ìgbì ìmọ́lẹ̀ pupa gùn ju ti àwọ̀ ẹ̀lúkù lọ, àti pé ti ìlà D jẹ́ nǹkan bí 0.000589 mìlímítà. Bí a bá pín mìlímítà kan ṣoṣo sí ọ̀nà 10,000, ìgbì kan nínú ìmọ́lẹ̀ yìí kò tó mẹ́fà nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí a kì í fi í rí ìgbì náà, bí a tilẹ̀ ń fi í ríran lójoojúmọ́.

Ẹ má ṣe rò pé gbogbo ènìyàn ni ó yọ̀ mọ́ ọn. Ní ọdún 1817, Ẹgbẹ́ Àwọn Ọ̀mọ̀wé ti Bavaria gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò máa kọ̀wé ránṣẹ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn kan fẹ́ kí ó di ọmọ ẹgbẹ́ pátápátá, àwọn mìíràn kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga rí, àti pé oníṣẹ́ ọwọ́ lásán ni. Fraunhofer kò bá wọn jà, kò sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1822, Yunifásítì Erlangen fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá. Ní ọdún 1823, wọ́n fi í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n sì fi ilé ohun èlò ìmọ̀ ẹ̀dá ti Ẹgbẹ́ náà sí ìkáwọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1824, Ọba Maximilian, ẹni tí ó rí i nígbà tí a ń fà á jáde lábẹ́ àlàpà, fi oyè jíjẹ dá a lọ́lá, a sì ń pè é ní Joseph von Fraunhofer láti ìgbà náà. Ọdún mẹ́tàlélógún ni ó wà láàárín àlàpà àti oyè.

Ọdún 1824 yìí kan náà ni awò-awọ̀nàjíjìn rẹ̀ tí ó lókìkí jùlọ dé Dorpat, ìlú tí à ń pè ní Tartu ní ilẹ̀ Estonia lónìí. Dígí iwájú rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 24, kò sì sí awò onídígí irú rẹ̀ tí ó tóbi tó o ní gbogbo ayé nígbà náà. Fraunhofer so ẹ̀rọ bí ti agogo mọ́ ọn, kí ó lè máa yí tẹ̀lé ìràwọ̀ bí ayé ti ń yí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń tì í. Awò yìí ni Wilhelm Struve fi ṣe àkọsílẹ̀ ìràwọ̀ oníméjì-méjì tí ó ju 3,000 lọ. Ohun èlò mìíràn tí Fraunhofer bẹ̀rẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì parí lẹ́yìn ikú rẹ̀, ni Friedrich Bessel fi wọn bí ìràwọ̀ kan ti jìnnà sí wa tó ní ọdún 1838. Inú awò tí ilé-iṣẹ́ kan náà ṣe ni Johann Galle ti rí ayé Neptune ní Berlin ní ọdún 1846.

Fraunhofer kò rí gbogbo èyí. Láti kékeré ni ara rẹ̀ kò ti le, iṣẹ́ iléru sì jẹ́ iṣẹ́ tí ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ooru, èéfín àti eruku òjé ni àwọn tí ń yọ́ dígí ń fà símú lójoojúmọ́. Ikọ́ ẹ̀gbẹ mú un. Ó kú ní Munich ní ọjọ́ keje, oṣù kẹfà, ọdún 1826, kò sì tíì pé ọmọ ogójì ọdún. Kò fẹ́ ìyàwó, kò sì bímọ. Lórí ibojì rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí ní èdè Látìn pé ó mú àwọn ìràwọ̀ sún mọ́ wa.

Ní ọdún 1835, ọ̀mọ̀wé Faransé kan, Auguste Comte, kọ ọ́ pé ènìyàn kò ní lè mọ ohun tí ó wà nínú ìràwọ̀ láéláé. Kò mọ̀ pé ìdáhùn ti wà nínú ìwé Fraunhofer. Ní ọdún 1859, Gustav Kirchhoff àti Robert Bunsen, ní ìlú Heidelberg, tú àdììtú náà. Wọ́n rí i pé, bí a bá sun iyọ̀ nínú iná, sódíọ̀mù tí ó wà nínú iyọ̀ náà yóò mú ìlà dídán jáde ní ibi D. Ṣùgbọ́n bí ìmọ́lẹ̀ tí ó lágbára bá gba inú òyì sódíọ̀mù tí kò gbóná tó o kọjá, òyì náà yóò gbé ìmọ́lẹ̀ náà mì ní ibi D gan-an, ìlà dúdú ni yóò sì kù. Ohun kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ilà ojú ti í fi ìdílé ènìyàn hàn. Nítorí náà sódíọ̀mù wà nínú oòrùn. Irin náà wà níbẹ̀. Ní ọdún 1868, àwọn onímọ̀ rí ìlà kan nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí kò jọ ti ohunkóhun tí a mọ̀ láyé. Wọ́n sọ ohun náà ní hílíọ̀mù, èyí tí ó wá láti inú orúkọ oòrùn ní èdè Gíríìkì. Ọdún 1895 ni William Ramsay tó rí i nínú òkúta ayé yìí.

Kí ni ó fà á tí ohun kọ̀ọ̀kan fi ní ìlà tirẹ̀? Ìbéèrè yìí ni ó ṣí ilẹ̀kùn ìmọ̀ ẹ̀dá ti òde òní. Ní ọdún 1913, Niels Bohr, ọmọ ilẹ̀ Denmark, ṣàlàyé pé nínú átọ̀mù, àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kò lè wà ní ibikíbi tí ó wù wọ́n. Wọ́n dà bí ẹni tí ó wà lórí àkàsọ̀, tí kò lè fi ẹsẹ̀ tẹ àárín igi méjì. Bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù bá gun orí igi tí ó ga sí i, ó ní láti gbé ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ kan pàtó mì. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀, yóò tu ìwọ̀n kan náà jáde. Àkàsọ̀ átọ̀mù kan kò sì bá ti òmíràn dọ́gba. Àwọn onímọ̀ tí ó tẹ̀lé Bohr ti tún àlàyé yìí ṣe gidigidi, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ rẹ̀ dúró. Báyìí ni ìlà dúdú tí oníṣẹ́ dígí kan kà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ṣamọ̀nà ènìyàn wọ inú ohun tí ó kéré jùlọ àti ohun tí ó jìnnà jùlọ.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn nínú ìtàn yìí. Iṣẹ́ méjì ni Fraunhofer fi sílẹ̀. Ti bí a ti ń yọ́ dígí, àṣírí ilé-iṣẹ́ ni. Bí iṣu ẹni bá ta, a máa ń fi ọwọ́ bò ó jẹ. Utzschneider àti òun kò fi í han àlejò, débi pé Michael Faraday, tí ó jẹ́ ọ̀gá nínú ìmọ̀, ṣe làálàá fún ọdún díẹ̀ ní Ìlẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ṣe irú dígí bẹ́ẹ̀, kò sì bá wọn dọ́gba. Ti àwọn ìlà dúdú, Fraunhofer tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo ènìyàn. Dígí tí ó pamọ́ mú èrè wá fún ilé-iṣẹ́ kan ní ìgbà kan. Ìlà tí ó fi hàn di ohun ìní gbogbo aráyé, ó sì ń so èso títí di òní.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe fi ojú kékeré wo iṣẹ́ ọwọ́, ẹ má sì ṣe rò pé ìwé àti iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ ọ̀tá ara wọn. Bí Fraunhofer kò bá mọ dígí ṣe, kò ní rí ìlà kankan. Bí kò bá sì ka ìwé, kò ní mọ̀ pé ohun tí òun rí ṣe pàtàkì. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ ti rí i, kódà bí ẹ kò bá tíì mọ ìdí rẹ̀. Ẹlòmíràn lè wá lẹ́yìn ọ̀la tí yóò ka àkọsílẹ̀ náà, tí yóò sì rí ìdáhùn nínú rẹ̀.